Ẹ Wọ Aṣọ fún Òṣùká Ẹnu Ọ̀nà Yín

Oṣù Kejìlá ọdún 2016 ni màmá mi kọ́kọ́ wá kí wa ní Woolwich, ní gúúsù ìlà-oòrùn London. Èmi fúnra mi ni mo lọ gbé wọn ní pápákọ̀ òfuurufú. Bí a ṣe dé ẹnu géètì, wọ́n dúró, wọn ò gbẹ́sẹ̀ mọ́. Wọ́n nawọ́ sí ilẹ̀kùn mi. "Ọmọ mi, ta ló kú nínú ilé yìí?"

Ohun tí wọ́n rí ni wreath tí mo rà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ní ilé ìtajà kan: ewé tútù tí wọ́n ká roboto, tí wọ́n so ríbọ́nù funfun kan ṣoṣo mọ́ nídìí. Lójú tèmi, Kérésìmesì ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Lójú tiwọn, sàréè ni. Mi ò sì lè bá wọn jiyàn. Níbo la ti ń rí òdòdó roboto nílé? Ibi ìsìnkú ni, àti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, tí ààrẹ àti àwọn gómìnà máa ń gbé e kalẹ̀ ní ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ti kú. Ìyá wo ló máa rí i lára ilẹ̀kùn ọmọ rẹ̀ tí àyà rẹ̀ ò ní já?

Nígbà tí wọ́n jókòó, tí wọ́n mu tíì tán, wọ́n padà síta lọ wò ó dáadáa. Wọ́n ní, "Òṣùká ni èyí o. Òṣùká tí wọn ò gbé ẹrù lé." Wọ́n wọlé, wọ́n ṣí àpótí wọn, wọ́n fa ìrépé àlàárì pupa kan yọ, wọ́n ní kí n lọ tú ríbọ́nù funfun yẹn kúrò. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni wọ́n. Ìdí òfì ni bàbá wọn ti jẹun títí wọ́n fi dàgbà tí wọn ò lè jókòó hunṣọ mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ yẹn, òṣùká náà ti wọ aṣọ, aládùúgbò mi sì ti kan ilẹ̀kùn láti bèèrè ibi tí a ti rà á.

Láti ìgbà náà, mi ò gbé òṣùká sẹ́nu ọ̀nà níhòòhò mọ́. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ sọ fún yín, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé níbi tí òjò àti afẹ́fẹ́ ti máa ń bá ilẹ̀kùn yín jà.

Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ tán. Ẹ ó sanwó èso oníke àti bọ́ọ̀lù dídán tí ẹ ó tún padà já dànù. Ẹ ra èyí tó jẹ́ ewé nìkan; ó dínwó, ó sì fún yín láyè. Ilẹ̀kùn ìta níbí kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 84 lọ ní ìbú, nítorí náà òṣùká tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50 láti etí kan dé èkejì ló bá a mu. Èyí tó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ á fún ilẹ̀kùn lọ́rùn.

Tó bá jẹ́ ewé tútù lẹ fẹ́, ẹ gbé e sókè nínú ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n wò. Tí ewé bá ń rọ̀ sílẹ̀, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹ tẹ ẹ̀ka kékeré kan: tó bá tẹ̀, omi ṣì wà lára rẹ̀, tó bá dá, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Igi firi tí wọ́n ń pè ní Nordmann ni mo fẹ́ràn jù, torí ewé rẹ̀ kì í tètè já, kì í sì í gún ọwọ́. Ọjà òdòdó Columbia Road, tí wọ́n ń ná lọ́jọ́ Àìkú, ni mo ti máa ń rà á tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá lè jí kí ilẹ̀ tó mọ́ lè lọ sí New Covent Garden ní Nine Elms, níbi tí àwọn olódòdó fúnra wọn ti ń rajà. Tẹ́ ẹ bá gbé e délé, ẹ tẹ́ ẹ sínú omi tútù nínú báàfù fún wákàtí kan tàbí méjì, kẹ́ ẹ wá fi kọ́ kí omi rẹ̀ ro. Ó máa ń sọjí lójú yín, àwọ̀ rẹ̀ á sì jinlẹ̀ sí i.

Oníke náà kò burú, ọdún púpọ̀ lẹ ó sì lò ó. Ìṣòro rẹ̀ ni pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ nínú páálí. Ẹ mú ẹ̀ka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹ tẹ ọ̀kan síta, ọ̀kan sínú, ọ̀kan sókè, títí ẹ kò fi ní rí wáyà àárín rẹ̀ mọ́. Ìdajì wákàtí ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe é, ìdí nìyẹn tí tiwọn fi ń dà bí irun tí èèyàn fi sùn mọ́jú.

Ẹ̀ṣọ́ tí mo ń lò kò pọ̀: ọsàn gbígbẹ, ata, kínámónì, èso igi páìnì tí àwọn ọmọ mi ṣà nínú ọgbà ìtura, àti aṣọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọsàn. Ẹ mú mẹ́ta tí awọ wọn dan. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé wọn ní ìbú, kí ègé kọ̀ọ̀kan nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Tó bá fẹ́lẹ́ jù, á ká kò. Tó bá nípọn jù, inú rẹ̀ kò ní gbẹ. Ẹ fi tísù tẹ omi ojú rẹ̀ kúrò lápá méjèèjì, ẹ wá tò wọ́n sórí àwọ̀n irin inú oven, ẹ má tò wọ́n sórí páànù, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ wọn kọjá. Iná oven kò gbọ́dọ̀ ju 100 lọ ní Celsius. Tó bá ní fáànù, 80 ti tó. Ẹ máa yí wọn padà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń gbà mí ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, gbogbo ilé á sì máa ta sánsán. Ìgbà tí àárín rẹ̀ kò bá lẹ̀ mọ́ ìka yín mọ́ ni kẹ́ ẹ tó yọ ọ́. Síbẹ̀, mo ṣì máa ń tò wọ́n sítòsí radiator di ọjọ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá gbé ègé tó gbẹ dáadáa sójú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá bíi dígí aláwọ̀ fèrèsé ìjọ.

Ní ọdún 2018, iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe, mo kánjú, mo yọ ọsàn lẹ́yìn wákàtí méjì. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, wọ́n ti bu, funfun ti hù lára wọn, omi ọsàn sì ti ṣàn sára aṣọ. Àlàárì tí màmá mi yọ nínú àpótí wọn ni. Mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀, àbàwọ́n yẹn wà níbẹ̀ di òní. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì pé ó gbẹ, ẹ dá a padà sínú oven.

Ata ṣọ́ńbọ́ pupa ni mo ń lò níbi tí àwọn ará ibí ti ń lo èso holly. Holly dára lójú, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ léwu fún ọmọdé tàbí ajá tó bá jẹ ẹ́. Ata gígùn tó ti gbẹ, tí igi orí rẹ̀ ṣì wà, ni kẹ́ ẹ rà. Wọ́n wà ní Rye Lane ní Peckham. Ẹ kó wọn ní mẹ́ta mẹ́ta, kẹ́ ẹ di igi orí wọn pọ̀. Ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa lẹ́yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ojú, kẹ́ ẹ sì so wọ́n sápá òkè, níbi tí ọwọ́ ọmọ kékeré kò ní dé.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ wáyà. Ọ̀pọ̀ ló máa sọ fún yín pé gúlù gbígbóná yára jù. Ó yára lóòótọ́, nínú yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Níta, nígbà tí òtútù bá mú un, á le, á sì já. Ẹ ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ ó bá kínámónì yín lórí ìtẹ́sẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn olódòdó ń lò ni kẹ́ ẹ rà, aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú ẹ̀mú kékeré tó lè gé e. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 20, 20. Fún èso páìnì, ẹ ki wáyà sí àárín ìpẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fà á yí po, kẹ́ ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kó fún. Ẹ máa rí i pé wáyà náà á pòórá sínú ìpẹ́, ìrù rẹ̀ méjì nìkan ló máa kù. Fún ọsàn, ẹ lu ihò méjì nítòsí àárín ègé náà bíi ti bọ́tìnnì, kẹ́ ẹ ki wáyà gba ọ̀kan jáde níkejì. Kínámónì, ẹ kó mẹ́ta pọ̀, ẹ di ìbàdí wọn. Ohun yòówù kó jẹ́, ìrù wáyà gbọ́dọ̀ gba inú ewé kọjá sẹ́yìn, kẹ́ ẹ lọ́ ọ mọ́ irin tó gbé òṣùká ró, kẹ́ ẹ wá tẹ ẹnu rẹ̀ tó mú padà sínú ewé. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ilẹ̀kùn ló máa jẹ gbèsè rẹ̀: gbogbo ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá mi òṣùká ni wáyà á máa ya ọ̀dà.

Kẹ́ ẹ tó so ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ tò ó lásán kẹ́ ẹ sì wò ó. Ẹ fi òṣùká ṣe ojú aago. Èmi kì í pín ẹ̀ṣọ́ káàkiri rẹ̀ lọ́gbọọgba, torí ó máa ń jọ àwo oúnjẹ. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́fà nísàlẹ̀, kí n gba òsì gòkè dé nǹkan bí aago mọ́kànlá, kí n sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ewé. Labalábá aṣọ, ìyẹn aṣọ tí a ká bí ìyẹ́ labalábá dípò ríbọ́nù, á wà ní aago méje tàbí mẹ́jọ. Ọsàn máa ń jókòó ní méjì méjì, èkejì yọjú lẹ́yìn èkíní. Ẹ jìnnà sí i, ẹ rìn dé ẹnu géètì, kẹ́ ẹ wò ó láti ibẹ̀, torí ibẹ̀ ni àlejò ti máa kọ́kọ́ rí i. Ibẹ̀ ni màmá mi ti rí tèmi.

Aṣọ ni orí gbogbo iṣẹ́ yìí. Ríbọ́nù tí wọ́n ń tà fẹ́lẹ́. Tí òjò bá ti pa á lẹ́ẹ̀mejì, apá rẹ̀ á rọ̀. Aṣọ òkè ní egungun. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 ní ìbú, kí wọ́n tó rán an pọ̀ di ìró tàbí agbádá. Ahunṣọ ti di etí rẹ̀ méjèèjì láti orí òfì, kò sí ohun tó máa tú níbẹ̀. Kí télọ̀ tó fọwọ́ kàn án, ríbọ́nù gidi ni.

Ẹ wá ìborùn tàbí gèlè tí ẹ kò lò mọ́. Gbogbo wa la ní in nísàlẹ̀ àpótí, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó tó ti pẹ́. Ẹ yí i sódì, ẹ ó rí ojú rírán tó so tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ èkejì. Ẹ fi bíléèdì já òwú ìránṣọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fà á ya, torí etí tí ahunṣọ dì lẹ máa bà jẹ́. Èmi máa ń lo bí ogún ìṣẹ́jú lórí tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Èyí tó bá gùn tó mítà méjì ti tó fún labalábá kan àti ìrù rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbé e síta, ẹ dán aró rẹ̀ wò. Ẹ fi omi rin igun kan, kẹ́ ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Tí áńkáṣíìfù bá mú àwọ̀, aṣọ yẹn á ya aró sára ilẹ̀kùn yín lọ́jọ́ òjò. Ẹ lò ó sórí ilẹ̀kùn yàrá. Tí kò bá mú un, ẹ lè fín oògùn tí wọ́n ń fín sára àgọ́ àti bàtà kí omi má baà wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Tó bá jẹ́ sányán àtijọ́ tí wọ́n fi òwú sílíkì gidi hun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà sínú àpótí. Òjò kọ́ ni wọ́n hun ún fún.

Ẹ má so ó bí okùn bàtà, torí ó nípọn, kókó rẹ̀ á tó ìkúùkù. Ẹ gé sẹ̀ǹtímítà 15 kúrò, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ tẹ́ ìyókù sórí tábìlì. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 50 sílẹ̀ fún ìrù kìn-ín-ní, ẹ ká aṣọ lọ sọ́tùn-ún bí etí ehoro, ẹ ká a padà sósì bákan náà, kí ìyókù wá sísàlẹ̀ di ìrù kejì. Níbi tí gbogbo rẹ̀ ti pàdé láàárín, ẹ lẹ́ ẹ pọ̀ bí ẹ ṣe ń lẹ́ ojú gèlè, ìlẹ́po kan sún mọ́ èkejì, kéékèèké, títí gbogbo ìbú aṣọ á fi di ohun tí ìka méjì lè mú. Ẹni tó bá mọ gèlè í wé ti mọ èyí tẹ́lẹ̀. Àtàǹpàkò ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ fi wáyà yí ibẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kó fún, kẹ́ ẹ fi ìrù wáyà sílẹ̀ láti so ó mọ́ òṣùká. Ẹ ká tẹ́ẹ́rẹ́ kékeré tẹ́ ẹ gé sí mẹ́ta ní gígùn, ẹ fi bo wáyà náà, kẹ́ ẹ fi abẹ́rẹ́ rán an lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ìka bọ inú apá labalábá kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tì í jáde kó lè yọ ikùn.

Ó ku ẹnu ìrù tí sísọ́ọ̀sì gé. Wọ́n máa ń fi iná àbẹ́là jó ẹnu ríbọ́nù oníke kó lè yọ́, kó dì. Ẹ má dán an wò lára aṣọ òkè, torí òwú kì í yọ́, ṣe ló máa gbiná. Ẹ fa òwú tó dábùú yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí òwú gígùn nìkan á fi kù ní ẹnu rẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ẹ kó wọn ní mẹ́fà mẹ́fà, kẹ́ ẹ ta wọ́n ní kókó bíi ti etí ìborùn. Màmá mi ló fi àṣírí rẹ̀ hàn mí: kí kókó tó le, wọ́n á ki abẹ́rẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ náà tì í gòkè títí á fi kan etí aṣọ, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó fa òwú le tí wọ́n á sì yọ abẹ́rẹ́. Gbogbo kókó á wá dúró lórí ìlà kan bí ilẹ̀kẹ̀.

Ẹ má kan ìṣó mọ́ ilẹ̀kùn oníke, ẹ ò ní rí nǹkan fi dí ihò rẹ̀. Ìkọ́ irin tí wọ́n ń fi kọ́ orí ilẹ̀kùn wà, àmọ́ lára ilẹ̀kùn tó bá máa ń há, kì í jẹ́ kó pa dé dáadáa, afẹ́fẹ́ tútù á sì máa wọlé. Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo lẹ ìkọ́ alẹ̀mọ́ kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nínú ilé, mo dorí rẹ̀ kodò. Mo so ríbọ́nù pẹlẹbẹ mọ́ òṣùká, mo gbé e gba orí ilẹ̀kùn kọjá wọlé, mo fi kọ́ ìkọ́ náà. Ẹ wo ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n kọ sára páálí ìkọ́, kẹ́ ẹ sì gbé òṣùká sórí ìwọ̀n ilé ìdáná kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ má jẹ́ kó bo ihò lẹ́tà tàbí ihò tẹ́ ẹ fi ń yọjú wo àlejò. Torí afẹ́fẹ́, mo tún máa ń fi okùn ìpẹja tí kò hàn so ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé fúláàtì tí ẹnu ọ̀nà yín kọjú sí kọ́rídọ̀ gbogboògbò, ẹ kọ́kọ́ bi onílé tàbí káńsù, torí òfin iná. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ ohun tó lè gbiná níbẹ̀. Tí wọn ò bá gbà, ẹ gbé e kọ́ inú ilé.

Àbúrò mi ní Surulere ń ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú oníke tó rà ní Balógun. Òjò kọ́ ni ìṣòro tiwọn, ekuru ọyẹ́ ni. Ó máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tuntun gbá a lójoojúmọ́, aṣọ rẹ̀ sì máa ń dán ju tèmi lọ, torí oòrùn ń bá a níbẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni mo ń gbé e síta, mo sì ń sọ ọ́ kalẹ̀ ní ọjọ́ 5 tàbí 6 oṣù Kìíní bíi ti àwọn ará ibí. Láàárín ìgbà yẹn, tó bá jẹ́ ewé tútù, mo máa ń fín omi sí i lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń fín in sí, kí omi má baà kan aṣọ. Tó bá kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ọsàn àti ata di àwátì, kínámónì àti èso páìnì lọ sínú páálí. Ẹ yọ gbogbo wáyà kẹ́ ẹ tó da ewé sínú àpò ìdọ̀tí ọgbà. Aṣọ ni kẹ́ ẹ tọ́jú jù: ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, ẹ ki bébà rírọ̀ sínú apá rẹ̀ méjèèjì, ẹ gbé e sínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀, kí ohunkóhun má wúwo lé e lórí.

Ìborùn ẹtù ni mo ti tú sílẹ̀ fún ọdún yìí. Màmá mi bi mí lórí fóònù láti Ìṣẹ́yìn pé kí ni mo fẹ́ wọ̀ fún un. Mo ní ẹtù ni. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n ní ẹtù dúdú fún ilẹ̀kùn. Kí n so ata mẹ́sàn-án mọ́ ọn dípò mẹ́fà, kí n sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ láti ẹnu géètì.